Agbódegbà Àrùn: Bí Kòkòrò Amoje Ṣe Ń Gbé Àrùn Ilà Wọ Oko Àgbàdo

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìyẹ ń jẹ. Ẹni tó bá rò pé láìsí òun ọjà kò ní kún ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo bá ara mi nínú oko àgbàdo lẹ́bàá Odò Ọ̀yun, nítòsí Ìlọrin, òwe náà gba ọ̀nà mìíràn wọ̀ mí létí.

Oko akùrọ̀ ni oko náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, koríko orí ilẹ̀ gíga ti gbẹ, ṣùgbọ́n àgbàdo bàbá tó ni oko yìí ṣì tutù yọ̀yọ̀ nítorí omi odò tó ń bù sí i. Ẹni tó bá wò ó láti ojú ọ̀nà yóò kí olóko kú iṣẹ́. Ìgbà tí a wọ inú rẹ̀ ni a rí i pé ọ̀ràn wà nílẹ̀. Ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba ojú ewé láti ìdí dé ṣóńṣó, bí ìgbà tí olóòlà bá kọ gọ̀ǹbọ́ sí ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Òmíràn nínú wọn kò ga ju orúnkún lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a gbìn lọ́jọ́ kan náà ti ga ju ènìyàn lọ, ó sì ti yọmọ.

“Ilẹ̀ ti ṣá,” ni bàbá wí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti da ajílẹ̀ sí i. Aládùúgbò rẹ̀ ní irúgbìn tó rà lọ́jà ni kò dára. Ẹnì kẹta tó jókòó sábẹ́ igi kàn mi orí ni, ó ní kí ẹ̀yin ọmọ ìwé máa wádìí lọ, òun mọ̀ pé ọwọ́ ayé ni, ó sì dárúkọ ọkùnrin kan tó gba inú oko náà kọjá ní ìjẹta. Bàbá wá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, kí ni ẹ rí sí i?” Mo mọ orúkọ àrùn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n n kò rí Yorùbá tí n óò fi là á yé bàbá àgbà. Mo bẹ̀ wọ́n pé n óò padà wá.

Ohun tí mo kó jọ láti fi dáhùn ìbéèrè bàbá yìí ni mo gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nínú àròkọ yìí. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n fẹ̀sùn kàn lọ́jọ́ náà: ilẹ̀, irúgbìn, àti ọmọ aráyé. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Irú àrùn wo ni èyí?

Àrùn tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní maize streak ni. Nítorí ohun tí ojú rí lára ewé, a ó máa pè é ní àrùn ilà àgbàdo. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín fáírọ́ọ̀sì àti kòkòrò. Kòkòrò ní ẹnu, ó ní ikùn, ó ń jẹ, ó ń yé ẹyin. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Bí kò bá tíì wọ inú ohun alààyè, kò yàtọ̀ sí ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ewé báyìí, ó di ọ̀gá níbẹ̀. Yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, yóò sì sọ ọ́ di ẹrú tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa ṣe ẹ̀dà fáírọ́ọ̀sì lọ.

Ní 1974 ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tí K. R. Bock jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yọ fáírọ́ọ̀sì yìí sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ awo alágbára wò ó. Méjì méjì ni wọ́n rí i, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi sọ ìdílé tí fáírọ́ọ̀sì yìí ti wá ní geminivirus, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí ìbejì. Àwa tí a mọ Táyé àti Kẹ́hìndé kò níí gbàgbé orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn kò tíì ní tó mìlímítà kan. Àkọsílẹ̀ ìran tó gbé sínú kò ju lẹ́tà bíi 2,700 lọ, bẹ́ẹ̀ tiwa ọmọ ènìyàn ju bílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, ohun kékeré yìí lè sọ oko odindi di asán.

Báwo ni ilà ṣe ń dé ojú ewé? Ewé ni ilé ìdáná àgbàdo. Ohun tó ń mú kí ewé ní àwọ̀ tútù ni ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti se oúnjẹ. Níbi tí fáírọ́ọ̀sì bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ tútù yìí kì í ráyè jókòó dáadáa, ibẹ̀ á sì funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nítorí náà, ibikíbi tí a bá ti rí ilà, ààrò ti kú níbẹ̀ nìyẹn. Bí ilà bá pọ̀, ebi ni yóò máa pa àgbàdo náà, bí a tilẹ̀ da ajílẹ̀ kún gbogbo ìdí rẹ̀.

Àmì kan wà tó yẹ kí gbogbo olóko mọ̀. Ewé tó ti là kí àrùn tó wọlé kì í kọ ilà. Àwọn tó bá là lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kọ ọ́, ó sì máa ń tó ọjọ́ 3 sí 7 kí a tó rí i. Ẹni tó bá mọ ewé kà lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí àrùn náà dé. Bí ó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àgbàdo hù, ó lè má yọmọ rárá. Bí ó bá pẹ́ tó oṣù méjì kí ó tó dé, ìpalára rẹ̀ kì í tó nǹkan.

Ta ni agbódegbà?

Kì í ṣe bàbá wa nìkan ni ó ti dá ilẹ̀ lẹ́bi. Ní 1901, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Claude Fuller kọ nípa àrùn yìí ní Natal, ní ilẹ̀ tí ó di Gúúsù Áfíríkà lónìí. Òun náà rò pé láti inú ilẹ̀ ni ìdààmú náà ti ń wá. Ó tó bí ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà kí H. H. Storey tó fi hàn pé kòkòrò kékeré kan ni ó ń gbé e láti ara àgbàdo kan dé ara èkejì. Orúkọ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún kòkòrò náà ni Cicadulina mbila. Ó ní àwọn ìbátan, bíi ẹ̀yà mẹ́sàn-án nínú ìdílé rẹ̀ ni a sì mọ̀ báyìí pé wọ́n lè gbé àrùn náà.

N kò mọ orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń pe kòkòrò yìí ní pàtó, nítorí náà amoje ni n óò máa pè é, nítorí pé oje ewé ni ó ń mu. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ewé tó bà lé, yóò ta pọ́ún sí ewé mìíràn kí ojú tó ṣẹ́. Kì í jẹ ewé lu bíi kòkòrò ajẹgbàdo tó ti Amẹ́ríkà wọ Nàìjíríà ní 1916+100, èyíinì ni 2016, tí gbogbo ènìyàn ń rí ìgbẹ́ àti ihò tó ń dá sí ewé. Amoje kì í dá ihò, kì í ya ewé, oje tó ń mu pàápàá kò tó ohun tí àgbàdo yóò mọ̀ lára. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í ṣe fura sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìyẹ́. Bí amoje kò bá gbé e, ibi tó wà ni yóò wà títí àgbàdo náà yóò fi gbẹ. A kò lè rí i kó nínú irúgbìn: bí a bá gbin ọmọ tí a ya lára àgbàdo tó ní àrùn, èyí tó hù yóò hù láìsí ilà. Kò sí nínú ilẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ fi ewé tó kọ ilà ra ewé tó mọ́, kò níí ràn án. Ẹni tó gba inú oko kọjá kò lè fi ẹsẹ̀ gbé e, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ kò lè gbé e. Amoje nìkan ni ọ̀nà.

Bí ó ṣe ń gbé e

Ẹnu amoje dà bí abẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú. Bí ó bá bà lé ewé, yóò ti abẹ́rẹ́ yìí wọlé títí yóò fi dé ibi iṣan tí ewé ń gbà kó oúnjẹ dídùn lọ sí gbòǹgbò àti sí ọmọ. Kó tó fà, yóò kọ́kọ́ tu itọ́ sínú ewé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí itọ́ yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Bí ewé náà bá ní àrùn, amoje yóò fa fáírọ́ọ̀sì mọ́ oje. Storey rí i pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lè tó fún un láti kó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ó bá ṣe pẹ́ lórí ewé tó ni yóò ṣe kó o tó. Ṣùgbọ́n kò lè fi ran ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti inú ìfun rẹ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ibi tí itọ́ ti ń sun. Bí ooru bá mú bíi ti ọ̀sán Ìlọrin, ìrìn-àjò yìí máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 6 sí 12. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ewé tí amoje bá tu itọ́ sí wà nínú ewu, ìṣẹ́jú márùn-ún sì lè tó láti gbin àrùn sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó lè máa gbé àrùn náà kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àní títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbé e sínú ẹyin tó bá yé. Ọmọ rẹ̀ yóò ní láti mu oje tó ní àrùn kí òun náà tó di agbódegbà.

Storey tún ṣe ohun kan tó yani lẹ́nu. Ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo amoje ni ó lè gbé àrùn yìí. Àwọn kan ń mu oje tó ní àrùn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, síbẹ̀ wọn kì í ran àgbàdo kankan. Ní 1932, ó fi hàn pé ìran ni: bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún agbára tàbí àìlágbára láti gbé e. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó mú àwọn tí kò lágbára yìí, ó fi abẹ́rẹ́ tínínrín gún ìfun wọn lu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran àgbàdo. Ìyẹn ni a fi mọ̀ pé ara ìfun ni ìlẹ̀kùn wà. Bí ìfun bá ṣí i, àrùn yóò kọjá. Bí ó bá tì í, ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ó ń ṣe báyìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣùjọ sábẹ́ ewé bí iná orí, tí wọ́n ń gbé oríṣi àrùn mìíràn kiri lára àgbàdo àti ìrèké. Ṣóńṣó ẹnu ni àwọn wọ̀nyí ń fi gbé e, bí ẹni tó fi ṣíbí tí kò fọ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ìkòkò méjì. Kíá ni wọ́n ń kó o, kíá náà ni ó sì ń tán lẹ́nu wọn. Ti ìrẹsì tún yàtọ̀. Àrùn tó ń sọ ewé ìrẹsì di pípọ́n ní ilẹ̀ Áfíríkà, kòkòrò oníkarahun tó ń gé ewé jẹ wà lára àwọn tó ń gbé e. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti àrùn irúgbìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ agbódegbà rẹ̀ àti ìwà rẹ̀, kí ó má baà máa lé eku nígbà tí ó jẹ́ pé ológbò ni ó jẹ ẹran.

Kí àgbàdo tó dáyé

Níbí ni òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti wúlò. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àgbàdo kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus ní 1492, ó sì dé etíkun Áfíríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n àrùn ilà kò sí ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí rẹ̀ nínú Òkun Íńdíà ni ilé rẹ̀. A jẹ́ pé àlejò ni àgbàdo, àrùn àti amoje ni onílé.

Kí ni wọ́n ń jẹ kí àgbàdo tó dáyé? Koríko ni. Fáírọ́ọ̀sì yìí àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ń gbé inú oríṣi koríko tó lé ní ọgọ́rin, àwọn bíi eéran àti gbégi wà nínú ìdílé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn koríko yìí ti mọ́ àrùn náà lára láti ayébáyé, kì í pa wọ́n lára púpọ̀. Àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ ìran fáírọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀yà tó ń ṣe àgbàdo ní ṣùtá gidi jáde nígbà tí ẹ̀yà méjì pàdé nínú ewé kan tí wọ́n sì pààrọ̀ apá kan lára àkọsílẹ̀ wọn. Ìṣirò wọn fi í sí nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ní apá gúúsù Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní àyíká Ìlọrin. Nígbà òjò, koríko pọ̀, amoje ń yé, ó ń pa, iye rẹ̀ ń lé sí i. Àgbàdo àkọ́rọ̀ tí a gbìn ní kété tí òjò dé sábà máa ń ti gbó kí wọ́n tó pọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo àrọ̀kúrò máa ń hù nígbà tí wọ́n ti kún inú ìgbẹ́, tí àgbàdo àkọ́kọ́ tó ti ní àrùn sì wà nítòsí tí wọn yóò ti kó o. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí koríko gbẹ, amoje kò ní jókòó kí ebi pa òun kú. Yóò gbéra, afẹ́fẹ́ yóò sì ràn án lọ́wọ́ títí yóò fi rí ibi tí ewé ti tutù. Ibo ni ewé ti ń tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Akùrọ̀ ni. Nítorí náà, ọgbà tútù bàbá wa lẹ́bàá odò ni ó di ilé àlejò fún gbogbo amoje àdúgbò. Akùrọ̀ yìí kan náà ni ó sì di afárá tí àrùn ń gbà la ẹ̀ẹ̀rùn já títí òjò mìíràn yóò fi dé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn

Ó yẹ kí inú wa dùn pé nítòsí wa níbí ni a ti rí ojútùú tó dára jù. Ní 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, IITA, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà dojú kọ àrùn ilà. Ohun tí wọ́n ń wá ni àgbàdo tí kò níí tẹríba fún fáírọ́ọ̀sì náà.

Ìṣòro kan wà lọ́nà. Àrùn ilà kì í ṣe déédéé. Ó lè jà rànìn lọ́dún yìí, kí a má tilẹ̀ gbúròó rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó lè kọ lu apá kan oko kó fi apá kejì sílẹ̀. Bí a bá wá rí àgbàdo kan tí kò kọ ilà, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó lágbára ni, tàbí amoje ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá mú irú èyí ṣe irúgbìn lè máa fi oríire pe agbára.

Olè ni í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Amoje fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n sìn ín lọ́pọ̀ yanturu nínú àgò alápapọ̀, wọ́n gbin jéró fún un láti máa jẹ. Wọ́n yan ìran àwọn tó lágbára láti gbé àrùn, wọ́n sì kó wọn sórí àgbàdo tó ti kọ ilà kí wọ́n mu ún yó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kó wọn lọ sí oko ìdánwò, tí wọ́n sì tú mélòó kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Kò sí èyí tí yóò sọ pé àlejò kò dé ilé òun. Àgbàdo tó bá dúró lẹ́yìn èyí, agbára rẹ̀ ni ó fi dúró.

Nínú irúgbìn tí wọ́n ń pè ní TZ-Y ni wọ́n ti rí ọ̀kan lára àwọn tó lágbára bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún rí irú rẹ̀ nínú àgbàdo tó wá láti erékùṣù Réunion. Wọ́n fi wọ́n ṣe àdàlù pẹ̀lú àgbàdo tó ń so dáadáa, títí wọ́n fi rí àwọn irúgbìn bíi TZSR funfun àti TZSR pípọ́n. Lẹ́tà SR tó wà nínú orúkọ wọ̀nyí ni àmì pé wọ́n lè kojú àrùn ilà. Nígbà tí àrùn náà jà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1983 àti 1984, àwọn ènìyàn rí ìwúlò irúgbìn bẹ́ẹ̀ kedere. Ní 1986, wọ́n fi ẹ̀bùn King Baudouin dá IITA lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ irúgbìn àgbàdo tí wọ́n ń gbé jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ni ó ní agbára yìí nínú.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àgbàdo alágbára kì í ṣe èyí tí àrùn kò lè wọ̀ rárá. Ó lè kọ ilà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dàgbà, yóò sì yọmọ. Ohun kejì ni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo kiri. Bí ẹnì kan bá gbin alágbára tí aládùúgbò rẹ̀ gbin aláìlágbára, wọn yóò gbà lára ara wọn. Ẹni tó bá ń ya irúgbìn láti inú oko rẹ̀ lọ́dọọdún láìwá òmíràn, díẹ̀díẹ̀ ni agbára náà yóò máa dín kù.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

Kò sí oògùn tó ń wo àgbàdo tí àrùn ilà ti wọ̀. Oògùn apakòkòrò náà kì í ṣe ohun tí tálákà lè gbára lé, nítorí àlejò tó ti gbé àrùn bọ̀ láti ìgbẹ́ lè tu itọ́ sínú ewé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan kí oògùn tó pa á. Ó tún léwu fún ẹni tó ń fín in àti fún omi odò. Ìdènà ni ó sàn jù, kò sì gba owó púpọ̀.

Èkíní, kí àgbẹ̀ wá irúgbìn tó ní agbára, pàápàá fún àrọ̀kúrò àti akùrọ̀. Èkejì, kí àwọn tí oko wọn súnmọ́ ara wọn gbìn ní àkókò kan náà, kí wọ́n sì tètè gbìn nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbin àgbàdo tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó tó ti kọ ilà, pàápàá ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ìwádìí kan ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé bí a bá fi ilẹ̀ gbalasa tó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá sí àárín wọn, ìrànkálẹ̀ àrùn náà máa ń dín kù. Ẹ̀kẹrin, kí a ro koríko etí oko kúrò kí àgbàdo tó hù. Ẹ̀karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì yìí kì í jà ju ìdílé koríko lọ. Nítorí náà, bí akùrọ̀ kan bá ti kún fún àrùn, kí olóko gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá tàbí tòmátì síbẹ̀ fún ìgbà kan. Afárá tí àrùn ń gbà kọjá yóò já nìyẹn.

Ìgúnlẹ̀

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe ìlérí. Mo fi ewé hàn wọ́n, a sì jọ gbọn àgbàdo kan títí amoje kan fi ta jáde, tó bà lé apá aṣọ wọn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Èyí tí kò tó ọkà jéró yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ itọ́ fún wọn, mo sọ ti koríko, mo sì sọ ìdí tí akùrọ̀ fi ń fa àrùn mọ́ra. Wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí irúgbìn náà, mo sì júwe fún wọn.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n béèrè pé, “Ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ńkọ́?” Mo ní kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tó lè gbé àrùn yìí wọ oko. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àwọn kò ti dá ìkíni ọkùnrin náà lóhùn, ẹni tó jẹ́ pé àwọn jọ ń jókòó ní mọ́sálásí ni. Wọ́n ní Ọlọ́hun yóò forí jì àwọn, àwọn yóò lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ìmọ̀ nípa àrùn ilà ti wà nínú ìwé láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, iṣẹ́ tó parí rẹ̀ sì wáyé ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, bàbá kan lẹ́bàá Odò Ọ̀yun kò gbọ́ ọ nítorí pé a kò sọ ọ́ lédè tí ó ń gbọ́. Bí ẹ bá ń lọ sílé ní ìsinmi, ẹ ya oko àwọn òbí yín wò. Bí ẹ bá rí ilà lójú ewé àgbàdo, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó gbìn fún àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀.